Aṣọ Àládà tó wà ní Ulm: báwo la ṣe máa dán aró àti òfì rẹ̀ wò láì pa irọ́ mọ́ ìtàn?

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́.

Mémúà mi (ìwé àṣekágbá ẹ̀kọ́ yunifásítì) dá lórí aṣọ àti iṣẹ́ ọwọ́ agbègbè wa láàárín ọdún 1600 sí 1750. Ẹrù tí Christoph Weickmann, oníṣòwò ará Ulm ní Jámánì, kó jọ sílé rẹ̀ ni mo fi ṣe òpó rẹ̀. Ó tẹ àkọsílẹ̀ ẹrù náà jáde ní 1659. Ọpọ́n Ifá kan wà níbẹ̀ tó ti Àládà wá, ìjọba àtijọ́ kan ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin òní. A ò tíì rí òmíràn tó dàgbà jù ú lọ. Ẹ̀wù òwú méjì náà wà níbẹ̀, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rán mọ́ ara wọn, aró àti funfun. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ulm. Àládà náà sì ni ìdílé ọba Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ti wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará òkèèrè nìkan.

Owó ọkọ̀ òfuurufú dé Jámánì kò sí. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí a ran òwú díẹ̀, kí a hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi mítà mẹ́wàá ní Ṣábẹ̀ẹ́, kí a pa á láró ní Kétu lọ́nà àtijọ́, kí n sì kọ gbogbo ìgbésẹ̀ àti wákàtí tó gbà sílẹ̀. Ìbéèrè mi:

Báwo la ṣe ń dá ìkòkò aró kékeré láìlo kẹ́míkà òde òní, ìwọ̀n wo ni, kí ló sì máa ń bà á jẹ́? Ṣé mo lè ra òwú ọjà dípò èyí tí a fọwọ́ ran? Àti pé níbo ni ìwé ìgbà náà wà? Mo ti béèrè ní ilé àkójọ ìwé ìjọba níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, èyí tí mo rí kò ju ti ìgbà àwọn Faransé lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ gbogboogbò dá mi lóhùn. Ìwọ̀n àti ọjọ́ ni mo ń wá.

Aláró_Kétu

Àbúrò, o káre. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lára ewé.

Ẹ̀lú méjì ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀. Ẹ̀lú tiwa gan-an ń fà bí ìtàkùn, ó ń gun igi mìíràn. Lonchocarpus cyanescens ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Èkejì kúrú, ó jọ igbó lásán, Indigofera ni. Aró tó ń ti inú méjèèjì jáde kò yàtọ̀, nítorí náà bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé fọ́nrán òwú Ulm sábẹ́ ẹ̀rọ àyẹ̀wò, agbára káká ni wọn yóò fi mọ ewé tó ti wá. Kọ èyí tí o lò sílẹ̀. Má kọ pé òun ni wọ́n lò ní Àládà.

Ewé ọ̀dọ́ ni kí wọ́n já, èyí tó wà ní orí ẹ̀ka. Ọjọ́ tí wọ́n já a náà ni kí wọ́n gún un lódó. Ewé tó bá sùn mọ́jú nínú apẹ̀rẹ̀ á gbóná, á rọ, aró rẹ̀ á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣòfò. Gún un títí yóò fi dúdú tí yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ọmọ odó. Gígún yìí kì í ṣe nítorí kó lè kúnná nìkan: omi ara ewé ló ń tú jáde, afẹ́fẹ́ ló sì ń sọ ọ́ di aró. Fọwọ́ ṣù ú bí ìkúùkù, sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, yí i padà lójoojúmọ́, kó o wọlé lálẹ́ kí ìrì má bàa sẹ̀ sí i. Fọ́ ọ̀kan wò. Bí inú rẹ̀ bá dúdú tó sì fúyẹ́, ó dára. Bí o bá rí funfun bí irun olú nínú rẹ̀, ó ti bu nìyẹn, dà á nù.

Omi eérú ló kàn. Ìkòkò méjì ni, ọ̀kan lórí èkejì. Ti òkè ni ajere, tó ní ihò nídìí. Tẹ́ koríko gbígbẹ sí ìdí ajere náà, kí eérú má bàa ṣàn lọ. Kílò 5 eérú igi líle tó jóná tán pátápátá (kó funfun, kí èédú má sí nínú rẹ̀) fún lítà 20 omi. Tẹ eérú náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí o wá máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Bí o bá da omi lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, omi á kàn là á kọjá ni, kò ní gbé ohunkóhun. Èyí tó kọ́kọ́ jò sílẹ̀ ló le jù, ó máa ń pọ́n bíi tíì. Bu omi sí eérú náà lẹ́ẹ̀kejì, kí o tọ́jú omi kejì yìí lọ́tọ̀. Òun ni ìwọ yóò fi máa tún ìkòkò ṣe.

Àwọn aláró máa ń fi ìka wò ó: bí ó bá ń yọ̀ bí ọṣẹ, ó tó. Nítorí ìwé rẹ, ra bébà pH, èyí tó ń fi nọ́ńbà sọ bí omi eérú ṣe le tó, kó wà láàárín 10.5 sí 11. Wọ ìbọ̀wọ́, omi eérú ń jẹ ara, tó bá sì ta sójú, omi tútù ni kí o fi ṣan án lójú ẹsẹ̀.

Ẹnìkan á sọ fún ọ pé eérú èèpo kòkó ló mú jù. Òótọ́ ni, ó mú gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn 1800 ni kòkó dé ilẹ̀ etíkun wa, Weickmann sì ti kú tipẹ́. Bí o bá fi í dá aró tí o ń pè ní ti 1650, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á fi rẹ́rìn-ín.

Ìkòkò amọ̀ tó gba lítà 25, rì í mọ́lẹ̀ dé ìdajì kí òtútù òru má bàa mú un. Lítà 15 omi eérú, kílò 2 ìṣù ẹ̀lú gbígbẹ tí o ti fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹ̀pà. Dé e. Láràárọ̀, fi ọ̀pá gígùn rò ó láti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, jẹ́jẹ́, láìjẹ́ kó ta. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá ìkòkò yìí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ló ń mú aró yọ́, atẹ́gùn tí o bá rò mọ́ ọn sì ni wọ́n á kọ́kọ́ jẹ kí wọ́n tó padà sórí aró.

Ọjọ́ kìíní àti èkejì, omi búráùn lásán lo máa rí. Ní ọjọ́ kẹta, òórùn rẹ̀ á yí padà, á wúwo, ṣùgbọ́n kò ní rùn bí òkú. Láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan á bo ojú rẹ̀, á máa dán bíi bàbà, ìfófó aláró á sì gbá jọ sí àárín. Fi ṣíbí ká awọ náà sẹ́yìn: omi abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó sì ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ṣì jẹ́ búlúù, aró kò tíì yọ́, dé e padà.

Ìdánwò: ki òwú funfun bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kó jáde ní àwọ̀ ewé, kó wá di búlúù lójú rẹ níta. Bí ó bá jáde ní búlúù látinú ìkòkò wá, ẹ̀tàn ni, ìdọ̀tí aró ló lẹ̀ mọ́ ọn, omi á fọ̀ ọ́ dànù.

Rẹ aṣọ náà sínú omi lásán ná, fún un. Ki í bọ aró, ìṣẹ́jú márùn-ún, kó rì pátá. Fà á yọ jẹ́jẹ́, nà án sí afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí o tún un ṣe. Ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin fún àwọ̀ ojú ọ̀run, mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ti ẹtù. Má rò pé bí o bá fi í sínú ìkòkò fún wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan náà á ṣe iṣẹ́ kan náà. Aró ń gun ara rẹ̀ ní ìpele ìpele ni, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ìkìbọ̀ méjì ló ń dè é mọ́ òwú.

Ohun tó sábà máa ń ba ìkòkò jẹ́ ni kíkan. Lójoojúmọ́ ni pH ń lọ sílẹ̀. Bí ó bá ti dé 9.5, bu omi eérú kejì sí i, ife kan kan, rò ó, dúró di ọjọ́ kejì kí o tó tún wọ̀n ọ́n. Bí o bá jẹ́ kó já sí 8, á máa rùn bí ẹran tó bàjẹ́, aró á sì rì sílẹ̀. A ti rí èyí tí wọ́n gbà là, àmọ́ kò pọ̀.

Kẹ́míkà funfun àti kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n ń lò lọ́jà, wákàtí kan ni wọ́n fi ń mú aró yọ́. Aró tí wọ́n ń lò pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́, èyí tó kọ́kọ́ jáde fún títà ní Jámánì ní 1897. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí o ń wá.

Olófì_Ṣábẹ̀ẹ́

Ìyá Kétu ti sọ ti aró tán, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun kan ni mo máa tún ṣe níbẹ̀: wọ́n ní kí o ki aṣọ bọ aró. Àbúrò, padà sídìí fọ́tò Ulm kí o wò ó dáadáa. Bí aró àti funfun bá jẹ́ ìlà tó bá òwú lọ, a jẹ́ pé òwú ni wọ́n pa láró kí wọ́n tó hun ún, kì í ṣe aṣọ. Aṣọ tí a ti hun tán kò lè jáde látinú ìkòkò pẹ̀lú ìlà funfun tó mọ́ gún régé, àfi tí wọ́n bá dì í tàbí rán an pọ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Nítorí náà ìdì òwú ni kí o gbé lọ sí Kétu. Dè é lójú mẹ́rin, kó dẹ̀, kí okùn tí o fi dè é má fún un pa. Ibi tí okùn bá ti fún un ni yóò funfun, ìwọ yóò sì máa rí àmì funfun lójú aṣọ ní ibi tí o kò fẹ́.

Ọ̀rọ̀ òwú ọjà: rárá. Kì í ṣe ìgbéraga. Òwú ilé iṣẹ́ dọ́gba, wọ́n ti lọ́ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, wọ́n sì ti fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́. Ó ń mu aró ní ọ̀nà tirẹ̀. Òwú ìrànwú jẹ́ ẹyọ kan, ó nípọn níbì kan, ó tínrín níbòmíràn, irun rẹ̀ sì ń yọ. Bí o bá hun òwú ọjà, gbogbo ohun tí o kọ nípa wákàtí iṣẹ́ ti di asán, nítorí òwú ríran ló ń jẹ àkókò jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, tó gùn ní mítà 10. Sọ pé òwú òró jẹ́ 20 nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹyọ 200 nìyẹn, ní mítà 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan: mítà 2,000. Òwú ìbú, sọ pé ó jẹ́ 15 nínú sẹ̀ǹtímítà kan: ìgbà 15,000 ni ọkọ̀ òfì á kọjá. Bí òwú ṣe ń tẹ̀ kọsọrọ, fi 10.5 sẹ̀ǹtímítà ṣe ìwọ̀n ìkọjá kan: mítà 1,575. Àpapọ̀ jẹ́ 3,575. Fi ìdámẹ́wàá kún un fún èyí tó máa já àti èyí tó máa kù sórí òfì, ó ti ń sún mọ́ mítà 4,000. Bí ẹni tó ń rànwú bá ń ran mítà 50 ní wákàtí kan, wákàtí bí 80 nìyẹn, ká tó fọwọ́ kan òfì rárá. Ahunṣọ tó já fáfá kò ní lo ìdajì ìyẹn láti hun ún. Nítorí náà má ṣe wọn aago iṣẹ́ ọkùnrin tó jókòó sídìí òfì nìkan, kí o wá fi ti àwọn obìnrin tó rànwú sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ mémúà ti ń ṣìnà.

Kó o tó ta òwú òró sórí òfì, fi ẹ̀kọ fífẹ́lẹ́ pa á lára kó má bàa máa họ. Ẹ̀kọ ọkà bàbà ni kí o lò. Àgbàdo ti wà lórí ilẹ̀ wa ní 1650, kò sí ẹni tó máa mú ọ lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò ní àríyànjiyàn kankan nínú. Bí ẹ̀kọ bá ki jù, òwú á ṣẹ́ bí igi gbígbẹ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń tẹ òfì. Bí kò bá tó, irun òwú á máa so mọ́ra, omù kò sì ní lè pín in sókè sódò.

Ohun tí kí o béèrè lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kọ lẹ́tà sí wọn: ìbú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ní ojú márùn-ún, iye òwú nínú sẹ̀ǹtímítà kan ní òró àti ní ìbú, apá ibi tí òwú lọ́ sí (bíi S ni tàbí bíi Z), bí etí aṣọ ṣe rí, àti irú okùn tí wọ́n fi rán an pọ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú iná láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì fi rúlà sí i. Fọ́tò tí kò ní rúlà, àwòrán ẹlẹ́wà lásán ni.

Ọ̀dọ́_Kétu

Ṣé kò ní dára kí ó ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ sí apá kan rẹ̀? Ó kúkú jẹ́ aró kan náà.

Olófì_Ṣábẹ̀ẹ́

Rárá o. Aṣọ òyìnbó funfun tó tẹ́jú, tó dán, ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ ń fẹ́. Àwọn ọdún 1900 ló gbòde. Lórí aṣọ ìrànwú tó ní irun, ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ kò ní dúró, ìlà rẹ̀ á fọ́n ká.

Ìwé_Àtijọ́

Ti ìwé ló kù. Ohun tó wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Àjàṣẹ́, ti ìjọba amúnisìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó wúlò fún ọ ní ọ̀nà mìíràn (ìròyìn àwọn alákòóso lórí iṣẹ́ ọwọ́ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ kí kẹ́míkà tó gbilẹ̀), àmọ́ kò ní dé 1650. Ìwé tí o ń wá wà lọ́dọ̀ àwọn tó rà: ti ilé iṣẹ́ òwò Dọ́ọ̀ṣì wà ní The Hague, ti Royal African Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wà ní London, ní ilé àkójọ ìwé ìjọba wọn, nínú ẹ̀ka T 70. Lẹ́tà àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ yìí ní etíkun wa láàárín 1681 sí 1699 wà ní Oxford, wọ́n sì ti tẹ̀ wọ́n jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́ta. Ìdìpọ̀ wọ̀nyẹn ni kí o kọ́kọ́ wá.

Ohun tí ìwọ yóò rí níbẹ̀ kì í ṣe bí wọ́n ṣe hun aṣọ. Iye ni, àti ẹ̀dùn: aṣọ kò dé, aṣọ kò dára, aṣọ wọ́n. Torí àwọn òyìnbó ń ra aṣọ Àládà, ti Bìní àti ti Ìjẹ̀bú, wọ́n sì ń gbé e lọ tà ní Gold Coast (Ghana òní). Ìwọ kà á bí oníṣòwò ṣe kọ ọ́. Bí ó bá kọ pé aṣọ kò dára, bi ara rẹ léèrè pé lójú ta.

Owó wọn máa dà ọ́ láàmú bí o kò bá fi ti Yorùbá kà á. Wọ́n ń kọ "toky", ogójì owó ẹyọ tí a sín sórí okùn kan ni. "Galina" jẹ́ toky márùn-ún, igba nìyẹn. "Cabess" ńlá jẹ́ galina ogún, ẹgbàajì. Ọ̀kẹ́ kan, ẹgbàawàá, jẹ́ cabess márùn-ún. Bí o bá ti kọ ọ́ báyìí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ, gbogbo ìṣirò wọn á tò lẹ́sẹẹsẹ, o ò sì ní máa fi ẹ̀rọ pín in sí ìdá mẹ́wàá mẹ́wàá bí àwọn kan ṣe ń ṣe tí wọ́n fi ń ṣì í.

Ṣọ́ra fún Olfert Dapper, òǹkọ̀wé ará Dọ́ọ̀ṣì. Ìwé rẹ̀ ti 1668 sọ̀rọ̀ Àládà púpọ̀, ó sì dùn ún kà, ṣùgbọ́n kò dé Áfíríkà rí. Ẹnu àti ìwé àwọn mìíràn ló kó jọ. Nítorí náà bí o bá rí ọ̀rọ̀ kan náà nínú Dapper àti nínú ìwé tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, má kà á sí ẹlẹ́rìí méjì. Ó ṣeé ṣe kí èkejì ti inú tàkọ́kọ́ jáde.

Fi àlà sí 1724 náà, ọdún tí Dahomey gba Àládà. Ohun tí ìwé kan bá sọ nípa aṣọ "Àládà" lẹ́yìn ìgbà náà, kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń jọba níbẹ̀, kí o tó lò ó.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin bàbá àti ìyá. Olófì, òótọ́ lẹ sọ, mo tún fọ́tò náà wò, òwú ni màá gbé lọ.

Ọ̀gá tó ń tọ́ mi sọ́nà wá béèrè pé: kí ni dídán an wò yìí máa fi hàn? Ó ní aró tí a dá lónìí kò lè jẹ́rìí sí èyí tí wọ́n dá ní 1650. Mo rí iṣẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Columbia lórí ìwé àtijọ́ Faransé kan. Ṣé mo lè gbé ara lé e?

Ìwé_Àtijọ́

Ọ̀gá rẹ kò jẹ̀bi. Iṣẹ́ Columbia tí o rí ni èyí tí Pamela Smith, onímọ̀ ìtàn, dá sílẹ̀ ní 2014. Ìwé tí wọ́n lò ni Ms. Fr. 640, tó wà ní ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè Faransé ní Paris. Agbègbè Toulouse ni wọ́n ti kọ ọ́, ní ìparí àwọn ọdún 1500. Ó ju ọgọ́rùn-ún mẹ́sàn-án ẹ̀kọ́ lọ nínú rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń da irin nínú iyanrìn, bí wọ́n ṣe ń ṣe alángbá sí irin láti ara alángbá gidi, bí wọ́n ṣe ń fi inú búrẹ́dì gbígbóná ṣe àdàkọ ère. Ní 2020 ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì wà fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí kí o mú níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n rọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ nǹkan sílẹ̀ ni. Ìwé Toulouse ń sọ ohun tí kí wọ́n ṣe, àmọ́ ó dákẹ́ lórí àwọn ohun kan tó jẹ́ pé ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí wọ́n dán an wò ni wọ́n tó rí ibi tí ìwé náà dákẹ́ sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ọjọ́, ojú ọjọ́, ìwọ̀n, ohun tí wọ́n retí àti ohun tó ṣẹlẹ̀, títí kan èyí tó bàjẹ́.

Tìrẹ yàtọ̀ sí ìyẹn níbì kan: àwọn ní ìwé, wọn ò ní oníṣẹ́. Ìwọ ní aṣọ àti oníṣẹ́, o ò ní ìwé. Nítorí náà sọ fún ọ̀gá rẹ báyìí: ohun tó gbọ́dọ̀ wà kí aṣọ náà tó lè wà ni o ń wá. Aró kò lè yọ́ láìsí omi tó le bí ti eérú. Ìlà funfun tó mọ́ gún régé kò lè wà láìjẹ́ pé òwú ló kọ́kọ́ wọ ìkòkò, àfi tí wọ́n bá dì tàbí rán aṣọ náà pọ̀. Mítà 4,000 òwú kò lè wà láìsí àwọn tó ràn án. Ìyẹn dúró, ẹnikẹ́ni ìbáà dá aró náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún sí méje tí ìkòkò Kétu ń gbà, orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan, ẹni tó ń ṣe é, ọkùnrin tàbí obìnrin, ìyẹn jẹ́ ti òní. Fi wọ́n sí orí ọ̀tọ̀, kí o má dà wọ́n pọ̀.

Nǹkan kan tó kù: kí o tó gbé kámẹ́rà dé agbo aláró, bá wọn fẹnu kò lórí ohun tí a lè tẹ̀ jáde. Àwọn kan ń bọ Ìyá Mápó nídìí ìkòkò, wọn ò sì ní fẹ́ kí o ya ìyẹn. Sanwó ọjọ́ iṣẹ́ fún wọn, títí kan ọjọ́ tí ìkòkò bá bàjẹ́, kí o sì fi ẹ̀dà fọ́tò sílẹ̀ fún wọn ní Kétu.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ìyá Aláró, ẹ jọ̀wọ́. Ìkòkò ìdánwò àkọ́kọ́ ti pé ọjọ́ mẹ́fà. Kò sí awọ bàbà, kò sí ìfófó, kò sì rùn rárá. Omi rẹ̀ mọ́ bíi tíì, ìṣù ẹ̀lú wà nísàlẹ̀ bó ṣe wà lọ́jọ́ kìíní. Bébà pH ń sọ 12. Ṣé kí n dà á nù?

Aláró_Kétu

Má dà á nù. Àìrùn yẹn ló sọ ohun tó ṣe é: omi eérú rẹ ti le jù, ó ti pa ohun tó yẹ kó máa jẹ nínú rẹ̀. Mo ní kó má ju 11 lọ, tìrẹ ti dé 12.

Bu lítà 5 kúrò nínú rẹ̀, tọ́jú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, á wúlò lọ́la. Bu lítà 5 omi lásán tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rọ́pò rẹ̀. Kó má gbóná, ìwọ̀n tí ọmọ ọwọ́ lè fi wẹ̀. Rò ó jẹ́jẹ́, dúró fún wákàtí kan, wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ṣì ju 11 lọ, tún pààrọ̀ lítà 2. Nígbà tó bá ti bọ́ sí 10.5, ju ẹ̀kúnwọ́ méjì èérí ọkà bàbà sí i. Bí ìkòkò aró tó ń ṣiṣẹ́ bá wà nítòsí, tọrọ ife kan nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí o dà á sí i. Ìyẹn yá ju èérí lọ. Dé e, fi àpò ìdọ̀họ wé ìkòkò náà lálẹ́.

Má fọwọ́ kàn án títí di ọ̀túnla. Láàárọ̀ ọ̀túnla, ṣí i kí o gbóòórùn rẹ̀ kí o tó wo ojú rẹ̀. Bí òórùn bá ti wúwo, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, torí láti ìgbà náà lọ ni pH á máa já wálẹ̀, kẹ́ẹ̀gì tí o tọ́jú ni ìwọ yóò fi máa gbé e ró. Bí ọ̀túnla bá dé tí kò sì rùn, kọ ọ́ síbí kí o sọ igi tí eérú rẹ ti wá.